Aṣọ kan wà tí òfin ní inú ilé ni kí wọ́n ti hun ún 🧵

Òfin kan wà nílùú Ọba. Ọdún 1993 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe é. Kò sọ̀rọ̀ owó orí, kò sọ̀rọ̀ ogun, aṣọ ló ń sọ. Ó ní aṣọ kan báyìí, bí kì í bá ṣe inú ilé ahunṣọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti hun ún, ní àwọn erékùṣù kan báyìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á lórúkọ tó ń jẹ́.

Inú ilé o. Wọn ò sọ pé ilé iṣẹ́.

Harris Tweed laṣọ náà ń jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo fíìmù òyìnbó ti rí i rí: kóòtù líle tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń wọ̀, tí wọ́n lẹ awọ mọ́ ìgúnpá rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí ewé gbígbẹ, òkúta àti ìrẹ̀dànù iná bá pò pọ̀. Bí mo ṣe ń ka ìtàn rẹ̀, ohun tó gbà mí lọ́kàn ju ẹwà rẹ̀ lọ ni ìjà tí wọ́n ti ń jà lórí orúkọ rẹ̀ láti ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ọlọ́ṣẹ Sunlight wà nínú ìjà náà. Ìtọ̀ wà níbẹ̀. Nike náà wà níbẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa, ó gùn díẹ̀.

Ẹ ṣí máàpù. Ẹ wo Skọ́tíláǹdì, kẹ́ ẹ wá wo ọwọ́ òsì rẹ̀ lókè, nínú òkun Àtìláńtíìkì. Ẹ máa rí àwọn erékùṣù tó tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Lewis ló wà lókè pátápátá, Harris tẹ̀ lé e, ó wá kan North Uist, Benbecula, South Uist, títí dé Barra. Outer Hebrides ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. (Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni Lewis àti Harris o, òkè ló là wọ́n láàárín. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ á ní erékùṣù méjì ni. Ẹ má bá wọn jiyàn.) Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ lónìí ò ju nǹkan bíi 26,000 lọ. Gaelic lèdè wọn, clò mòr ni wọ́n sì ń pe aṣọ yìí, ìyẹn aṣọ ńlá.

Igi ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun ò sì jẹ́ kó hù. Ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n sá títí tó fi gbẹ, ni wọ́n fi ń dáná. Èéfín rẹ̀ máa ń wọ aṣọ náà lára débi pé láyé àtijọ́, ẹni tó bá mọ tweed dáadáa, imú ló fi ń dá a mọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Àgùntàn ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Láàárín ọdún 1800 sí 1850 tàbí jù bẹ́ẹ̀, àwọn onílẹ̀ ní àríwá Skọ́tíláǹdì ṣírò ó, wọ́n rí i pé owó tí àgùntàn ń mú wá ju èyí tí èèyàn ń san lọ. Wọ́n bá ń lé èèyàn. Ní Harris, apá ìwọ̀ oòrùn ni ilẹ̀ ti dáa, ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí òkun tí koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n kó àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó àgùntàn wọlé. Lọ́dún 1839, nígbà tí wọ́n fẹ́ lé àwọn ará Borve, sójà ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Àwọn kan wọkọ̀ lọ sí Kánádà. Àwọn tó kù, wọ́n tì wọ́n lọ sí apá ìlà oòrùn, níbi tó jẹ́ pé àpáta ni gbogbo ilẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó. Ewéko òkun ni wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn gòkè láti etíkun, wọ́n á kó o jọ lórí àpáta, wọ́n á bu ìwọ̀nba erùpẹ̀ tí wọ́n bá rí lé e, wọ́n á wá gbin ànàmọ́ òyìnbó sínú rẹ̀. Erùpẹ̀ ibẹ̀ kéré débi pé kò jìn tó láti gbẹ́ sàréè. Bí èèyàn bá kú, wọ́n á gbé òkú náà gun orí òkè, wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí Luskentyre ní ìwọ̀ oòrùn, kí wọ́n tó lè sin ín. Orí ilẹ̀ tí wọ́n lé wọn kúrò náà nìyẹn. Ó dìgbà tí wọ́n bá kú kí wọ́n tó lè padà síbẹ̀. Ẹ fi Luskentyre yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Lọ́dún 1846 àrùn wọ ànàmọ́ òyìnbó, ó jẹrà nínú ilẹ̀. Ìyàn mú káàkiri. Ìjòyè tó ni Harris nígbà yẹn, Earl of Dunmore, ti kú lọ́dún tó ṣáájú, ìyàwó rẹ̀, Catherine Murray, ló wá ń bójú tó ilẹ̀ náà. Ó ní kí àwọn ahunṣọ Harris bá òun hun aṣọ tó ní ìlà àti àwọ̀ ti ẹbí ọkọ òun, kí wọ́n fi tweed hun ún. Wọ́n ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì ní abúlé Strond ló hun èyí àkọ́kọ́. Ó dùn ún wò. Ó fi rán aṣọ fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi han àwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn olówó tó máa ń wá ṣọdẹ lórí òkè rí aṣọ tí òjò kì í tètè wọ̀, tí ẹ̀gún kì í fà ya, tó sì dà bí òkè náà fúnra rẹ̀ lójú ẹran. Bí ọjà ṣe ṣí nìyẹn.

Nínú ìpolówó, obìnrin yìí ni wọ́n máa ń pè ní ìyá aṣọ náà. Mi ò ní kó má gba ìyìn tirẹ̀ o. Ó wá ọjà, ọjà náà sì bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ni ebi ti ń pa wọ́n, ọkọ rẹ̀ ló sì ni Harris nígbà tí wọ́n lé àwọn ará Borve. Àwọn tí wọ́n torí àgùntàn lé kúrò nílẹ̀ ni irun àgùntàn wá ń bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà, torí ibẹ̀ ló dùn jù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá rẹ́ irun àgùntàn tí wọ́n sì fọ̀ ọ́, wọ́n á pa á láró kí wọ́n tó ran án. Èyí ṣe pàtàkì. Àwa tí a mọ aró Abẹ́òkúta, aṣọ tí wọ́n ti hun tán la sábà máa ń rì bọ ìkòkò aró. Àwọn wọ̀nyí, irun ni wọ́n ń rẹ, wọ́n á wá po irun aláwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀ kí wọ́n tó ran án di òwú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá sún mọ́ tweed tẹ́ ẹ rò pé brown lásán ni, ẹ máa rí pupa, yẹ́lò, búlúù àti ewé nínú òwú ẹyọ kan.

Ohun tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ ń hù lára òkúta. Èyí tó lókìkí jù ni crotal, nǹkan gbígbẹ bí èépá tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta. Wọ́n á fi ṣíbí ha á, wọ́n á tò ó sínú ìkòkò irin, irun àgùntàn lé e, crotal lé e, irun lé e, wọ́n á sè é níta gbangba fún wákàtí púpọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àwọn apẹja kì í sì í fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sókun. Wọ́n ní ohun tó ti ara àpáta wá máa ń fẹ́ padà sára àpáta, bí ọkọ̀ bá dà, ó máa fa ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀.

Wọ́n á ran òwú, wọ́n á hun ún lórí òfì onígi. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lórí òfì ṣì rí gbàgẹ̀rẹ̀, ó lọ́ràá, atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó gbọ́dọ̀ fún pọ̀. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ ti wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìtọ̀. Wọ́n máa ń tọ́jú ìtọ̀ ilé pamọ́ sínú agbada títí á fi kan, torí ìtọ̀ tó bá ti pẹ́ máa ń ní ammonia, ammonia sì ń bó ọ̀rá kúrò lára irun àgùntàn, ó ń jẹ́ kí àwọ̀ mú. Ẹ má yọ imú sí wọn, ohun tí ẹ fi ń pa irun láwọ̀ ní sàlúùnù náà, ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀.

Àwọn obìnrin á wá jókòó yí pákó gígùn kan ká, nígbà míì ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ ni wọ́n fi ń ṣe pákó. Wọ́n á gbé aṣọ rírin náà lé e, wọ́n á máa gbá a mọ́ igi, wọ́n á máa tì í sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tẹ̀ lé wọn, kó máa yí lọ bí oòrùn ṣe ń yí. Ẹni kan á máa lé orin, àwọn tó kù á máa gbè é. Orin ni aago wọn. Wọn kì í sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mélòó, wọ́n á ní ó ku orin mélòó. Àgbà kan á fi ìka wọn fífẹ̀ aṣọ náà bóyá ó ti fún tó. Wọ́n gbà pé orin tí wọ́n bá ti kọ lẹ́ẹ̀kan lórí aṣọ kan, wọn ò gbọdọ̀ tún un kọ lórí rẹ̀, àìrìnnà-kore ni. Ẹ ronú iye orin tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀! Orin ìfẹ́, orin òkú, orin ogun láti igba ọdún sẹ́yìn, àti èyí tí wọ́n fi ń dárúkọ ọ̀rẹ́kùnrin mọ́ ọmọge lórí kí gbogbo ilé lè rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kì í wọ ibẹ̀. Òkìkí tí Gaelic ní fún orin lónìí, apá kan tó pọ̀ nínú rẹ̀, orí pákó yẹn ló ti jáde.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ olè.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1900, orúkọ Harris Tweed ti ń mú owó wọlé, gbogbo ayé sì ti ń lò ó. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ ní orí ilẹ̀ ńlá, wọ́n ń pè é ní Harris. Àwọn míì ń ra òwú tí ẹ̀rọ ran, wọ́n ń gbé e wá sí erékùṣù, wọ́n ń hun ún níbẹ̀, wọ́n ní ó ṣáà ti fẹsẹ̀ kan Harris. Ẹni tó fi oṣù kan ṣe tirẹ̀ àti ẹni tó fi ọjọ́ kan ṣe tirẹ̀ wá ń ta ọjà kan náà.

Lọ́dún 1909 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Harris Tweed Association, láti forúkọ àmì kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Àmì náà ni Orb: bọ́ọ̀lù kan tí àgbélébùú wà lórí rẹ̀, irú èyí tí ọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé dání lọ́jọ́ ìwúyè. Láti 1911 ni wọ́n ti ń lù ú mọ́ aṣọ. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹ̀gbà ọrùn Vivienne Westwood, bẹ́ẹ̀ ni, ó jọ ọ́. Tirẹ̀ ní òrùka yíká bíi ti Saturn. Lọ́dún 1987 ó tiẹ̀ ṣe odindi àkójọ aṣọ kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní Harris Tweed.)

Àmì nìkan ò tó, wọ́n ní láti kọ gbólóhùn kan tó máa sọ ohun tí Harris Tweed jẹ́. Wọ́n ní aṣọ tí àwọn àgbẹ̀ kékeré Outer Hebrides fọwọ́ ran, tí wọ́n fọwọ́ hun, tí wọ́n sì pa láró. Gbólóhùn yìí ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ láti ibí lọ. Gbogbo ìjà tó kù, lórí ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá rèé.

William Lever, ọlọ́ṣẹ Sunlight, tí wọ́n fi joyè Lord Leverhulme, ra erékùṣù Lewis lọ́dún 1918. Ó ra Harris lọ́dún 1919. Ní 1920, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ra Niger Company, ilé iṣẹ́ tó ti fìgbà kan rí ṣàkóso ibi tó pọ̀ lára ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, lọ́dún 1929, Niger Company yẹn ló dara pọ̀ mọ́ àwọn míì tó di UAC. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè UAC. Ẹ bi wọ́n léèrè Kingsway ní Marina, Èkó. Ọkùnrin kan náà ni.

Èrò rẹ̀ fún Lewis ni pé kí gbogbo wọn fi oko kékeré sílẹ̀, kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ẹja: èbúté ńlá ní Stornoway, ilé iṣẹ́ ẹja inú agolo, rélùwéè, ilé tuntun, owó oṣù. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́kùnrin Lewis ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé ni, ìjọba sì ti ṣèlérí ilẹ̀ fún wọn. Àwọn kan ò tiẹ̀ dé. Ní òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1919, ọkọ̀ ojú omi Iolaire tó ń kó wọn bọ̀ wálé láti ojú ogun kọ lu àpáta lẹ́nu èbúté Stornoway, ó rì. Ó lé ní igba ọkùnrin tó kú, ní ibi tí wọ́n ti ń wo iná ìlú wọn. Àwọn tó yè ò ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n wọ oko Gress àti Coll, wọ́n pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Leverhulme ní òun nílò oko yẹn fún mílíìkì àwọn ará Stornoway. Wọ́n ní ilẹ̀ làwọn fẹ́.

Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń kọ ọ́ bíi pé àwọn ará Lewis ò gbọ́n, pé wọ́n kọ owó oṣù. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀, màlúù kan, àgùntàn mẹ́wàá àti òfì nínú ilé rẹ̀, ìwọ̀nba ni yóò máa rí jẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè lu aago fún un láàárọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó má wá mọ́ lọ́la. Wọ́n ti rí ohun tí onílẹ̀ kan ṣoṣo lè ṣe fún odindi erékùṣù. Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ló bá Leverhulme ní Nàìjíríà. Ó fẹ́ ilẹ̀ ńlá tí yóò fi dá oko ọ̀pẹ sílẹ̀, Gómìnà Hugh Clifford ò gbà fún un, torí ìlànà ìjọba nígbà náà ni pé kí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ro ó. Kóńgò ni wọ́n ti fún un, àwọn ará Kóńgò sì jìyà rẹ̀.

Lọ́dún 1923 ó kúrò ní Lewis. Ó fi ilẹ̀ Stornoway àti àyíká rẹ̀ ta ará ìlú lọ́rẹ, wọ́n gbà á, àwọn ará ìlú ló sì ni ín títí dòní. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ Metagama gbé nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọ̀dọ́ kúrò ní Stornoway lọ sí Kánádà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Japa ò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Leverhulme kú lọ́dún 1925, iṣẹ́ èbúté tó ń ṣe lọ ní Harris dúró lójú ẹsẹ̀. Abúlé tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè ṣì wà níbẹ̀, Leverburgh.

Ohun tó kù fún àwọn tí kò wọkọ̀ ni ilẹ̀, àgùntàn àti tweed.

Ní àwọn ọdún yẹn ni òfì tuntun kan ń dé, Hattersley, tí wọ́n ń ṣe ní Keighley lápá àríwá Íńgíláǹdì. Irin ni. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kò lo iná mànàmáná, ọ̀kọ̀ òfì sì ń lọ ń bọ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gba inú ahéré kékeré tó wà lẹ́bàá ilé. Ẹni tí ogun ti gé lọ́wọ́ lè lò ó. Àyípadà kan tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà bá òfì yìí wọlé: ó wúwo, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń mú owó wá déédéé, àwọn ọkùnrin bá gba ìdí òfì. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nílẹ̀ wa obìnrin ló ń hun kíjìpá, ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè, oníkálùkù mọ òfì tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, òfì tuntun ló gbé iṣẹ́ náà láti ọwọ́ kan sí òmíràn.

Lọ́dún 1934 wọ́n tún gbólóhùn náà kọ. Wọ́n yọ "fọwọ́ ran" kúrò. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ lè ran òwú, bó bá ti jẹ́ pé ní Outer Hebrides ni, ṣùgbọ́n híhun gbọ́dọ̀ wà nílé. Mo rò pé wọ́n ṣe ohun tó yẹ, torí ọwọ́ ò lè ran òwú tó máa tó gbogbo Hattersley yẹn. Ọjà gbòòrò lójijì. Ṣùgbọ́n òwú ríran lọ sí ilé iṣẹ́, gbígbá aṣọ náà tẹ̀ lé e, pákó àwọn obìnrin sì dákẹ́. Wọ́n gba àwọn orin náà sílẹ̀ lórí téèpù, wọ́n ṣì ń kọ wọ́n lórí ìtàgé. Aṣọ kankan ò sí lórí pákó mọ́.

Ìjà tó le jù wáyé ní kóòtù. Láàárín ọdún 1950 sí 1964, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ran òwú lórí ilẹ̀ ńlá, wọ́n ń gbé e wá kí àwọn ará erékùṣù hun ún, wọ́n á tún gbé e padà lọ parí. Wọ́n ní Harris Tweed náà ni, ọwọ́ ará erékùṣù ṣáà ló hun ún. Ẹjọ́ náà dé kóòtù gíga Edinburgh, ó wà lára àwọn tó gùn jù nínú ìtàn ẹjọ́ Skọ́tíláǹdì. Lọ́dún 1964 Adájọ́ Hunter dá a: láti ìgbà tí irun bá ti di òwú títí aṣọ á fi parí, Outer Hebrides ni. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, 1966, wọ́n hun yáàdì mílíọ̀nù méje àti ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún, 7,600,000. Wọn ò tíì hun tó bẹ́ẹ̀ rí, wọn ò sì tíì hun tó bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà náà.

Àṣà ìmúra yí padà, ọjà dọ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1970, àwọn aláṣẹ gbé àbá wá: ẹ jẹ́ ká kó òfì ńlá tó ń lo iná mànàmáná jọ sí ilé iṣẹ́, kẹ́ ẹ máa wá síṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ahunṣọ dìbò. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ní rárá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn. Ọmọ àwọn tó wọ oko Gress ló ń dìbò yẹn.

Òfin 1993 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ló wá fìdí gbogbo rẹ̀ múlẹ̀: irun àgùntàn pọ́ńbélé, tí wọ́n rẹ, tí wọ́n sì ran ní Outer Hebrides, tí àwọn ará ibẹ̀ fọwọ́ hun nínú ilé wọn, tí wọ́n sì parí níbẹ̀. Àjọ kan tí òfin náà dá sílẹ̀, Harris Tweed Authority, ló ń ṣọ́ ọ. Lágbègbè ìgbà yẹn náà ni òfì tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì wọlé, tí wọ́n ń wà bíi kẹ̀kẹ́. Kò ní mọ́tò. Ẹsẹ̀ ṣì ni.

Lọ́dún 2004 Nike fẹ́ fi Harris Tweed ṣe bàtà Terminator. Ọ̀dọ̀ ahunṣọ kan, Donald John Mackay, ni ọ̀rọ̀ dé, nínú ahéré rẹ̀ lẹ́bàá òkun. Ó tó nǹkan bíi mítà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí wọ́n béèrè. Òfì kan ò lè hun ìyẹn, wọ́n pín in káàkiri erékùṣù. Ibo ni ahéré náà wà? Luskentyre. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé òkú padà sí.

Ǹjẹ́ òfin náà wá bo gbogbo nǹkan? Rárá o. Ahunṣọ ló ni ara rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ń ran òwú, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Ní ìparí 2006, oníṣòwò kan láti Yorkshire, Brian Haggas, ra ilé iṣẹ́ Stornoway tí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ń gbà kọjá. Bátánì tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ló wà nílẹ̀. Ó dín in kù sí mẹ́rin. Mẹ́rin! Kóòtù ọkùnrin nìkan ló fẹ́ máa rán, kò fẹ́ ta aṣọ fún ẹlòmíì. Kò rú òfin kankan. Gbólóhùn náà sọ ẹni tó máa hun ún àti ibi tó ti máa hun ún, kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ni òwú. Ọ̀pọ̀ òfì dákẹ́ nínú ahéré.

Ohun tó gbà wọ́n sílẹ̀ ni pé ahunṣọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí àwọn míì ṣí ilé iṣẹ́ tó wà ní Shawbost padà lọ́dún 2007, pẹ̀lú owó Ian Taylor, oníṣòwò epo rọ̀bì, àti Brian Wilson tó ti ṣe mínísítà rí, àwọn ahunṣọ àti òfì wọn ṣì wà nílé, níbi tí òfin ní kí wọ́n wà. Òwú nìkan ni wọ́n ń retí. Nígbà tó fi máa di 2012, wọ́n ti ń hun ju mítà mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún.

Ọ̀rọ̀ ìlò ló kù. Kóòtù yìí máa ń pẹ́ ju ẹni tó kọ́kọ́ rà á lọ, òkirika sì ni ọ̀pọ̀ aṣọ òyìnbó máa ń parí sí. Bẹ́ ẹ bá dé Kàtángùwà, tẹ́ ẹ rí kóòtù líle kan tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ṣí inú rẹ̀ lápá òsì. Bẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀lù tó ní àgbélébùú lórí lára lébẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n kọ Harris Tweed sí i, tí nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ wo òwú ẹyọ kan nínú oòrùn kẹ́ ẹ ka àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má kígbe o. Ẹ gbé e padà, ẹ gbé sòkòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá béèrè iye méjèèjì bí ẹni tí sòkòtò náà wù.